Ohun Tí Ẹ Kò Bá Sọ Nígbà Àdéhùn, Òfin Yóò Bá Yín Sọ Ọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ra epo tí ẹ ń tà á, ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹ̀gẹ́ nínú oko olóko láti fi ṣe gàrí àti pupurú, ẹ̀yin tí ẹ ń ta fóònù àti jẹnẹrétọ̀ lójú títì Igbotako, ẹ yá mi ní etí yín. Ọ̀rọ̀ àdéhùn ọjà ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí ó ti ń ya ọ̀rẹ́ nípa, ó sì ti ń sọ ọmọ ìyá di ọ̀tá ara wọn nílẹ̀ Ìkálẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìjà ọjà ni olè wà nínú rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni méjì tó fọkàn tán ara wọn ló dòwò pọ̀. Wọ́n sọ iye owó, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ láìsọ. Nígbà tí nǹkan wá yí padà, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí ẹnì kejì kò gbọ́ rí. Àwọn baba wa ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ti ọjà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí ẹ bá dákẹ́ sí, òfin kò ní dákẹ́ níbẹ̀. Ó ti ní ìdáhùn tirẹ̀ nílẹ̀, ìdáhùn náà sì lè má jẹ́ èyí tí ẹ fẹ́.

Òfin tí mò ń sọ yìí ti pẹ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe Òfin Ọjà Títà ní 1893. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà gbé e sínú ìwé òfin tirẹ̀ ní 1959, nígbà tí wọ́n sì dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, àwa náà jogún rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti tún tiwọn ṣe ní 1979, ṣùgbọ́n ìlànà tó ti 1893 wá ni adájọ́ yóò fi wo ọ̀rọ̀ epo yín bí ó bá dé iwájú rẹ̀ ní Òkìtìpupa.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé àdéhùn ẹnu jẹ́ àdéhùn. Mo ń gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé, “Kò síwèé láàárín wa, kò lè rí mi mú.” Irọ́ ni. Òfin gba ọ̀rọ̀ ẹnu, ó gba ìwé, ó sì gba ìdajì ẹnu ìdajì ìwé. Ìwé kọ́ ló ń so yín pọ̀. Ẹ̀rí ni ìwé wà fún. Bákan náà, ẹ má ṣe rò pé ẹ̀gẹ́ tó ṣì wà nínú ilẹ̀ kì í ṣe ọjà nítorí pé wọn kò tíì wú u. Ohun ọ̀gbìn tí ẹ bá jọ fẹnu kò pé wọ́n máa hú kúrò nílẹ̀ jẹ́ ọjà lójú òfin yìí. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni kì í ṣe ọjà, òfin tirẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú epo wò. Láti nǹkan bí oṣù Kejì títí dé oṣù Karùn-ún ni ẹyìn máa ń pọ̀ jù, epo á kún ilẹ̀, owó rẹ̀ á sì wálẹ̀. Tó bá di ìdajì ọdún tó kẹ́yìn, ẹyìn á dín, epo á gbówó lórí. Ìdí nìyẹn tí àwọn alájàpá fi ń san àsansílẹ̀ nígbà ọ̀pọ̀, kí wọ́n lè wá kó epo nígbà ọ̀wọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ká sọ pé ẹ gba owó kẹ́ẹ̀gì 50 lọ́wọ́ ẹnì kan ní ₦30,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ ₦1,500,000, ẹ sì ṣèlérí pé oṣù Kẹsàn-án ni yóò wá kó o. Oṣù Kẹsàn-án dé, kẹ́ẹ̀gì kan ti di ₦38,000. Ọkàn yín á máa sọ fún yín pé kí ẹ dá owó rẹ̀ padà, kí ẹ ta epo fún ẹni tó ń mú owó tó pọ̀ jù wá. Ẹ ó rò pé tí ₦1,500,000 bá ti padà sọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Òfin kò wò ó bẹ́ẹ̀. Yóò wo iye tí epo ń lọ lọ́jà lọ́jọ́ tó yẹ kí ẹ kó o fún un, yóò yọ iye àdéhùn kúrò nínú rẹ̀, yóò sì ní kí ẹ san ìyàtọ̀. ₦8,000 lórí kẹ́ẹ̀gì kan, lórí 50, ₦400,000 ni. Ẹ ó dá owó rẹ̀ padà, ẹ ó sì fi ₦400,000 lé e.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà náà, ẹ má tíì yọ̀. Bí ẹ bá ṣèlérí láti ra kẹ́ẹ̀gì 50 ní ₦30,000, tí ẹ kò tíì sanwó, tí epo wá wálẹ̀ sí ₦24,000, tí ẹ sì sá fún ẹni tó ti tọ́jú epo dè yín, ẹ̀yin ni ẹ jẹ ẹ́ ní ìyàtọ̀ ₦300,000. Ẹni tí wọ́n sì yẹ àdéhùn fún kò gbọdọ̀ káwọ́ lẹ́rán kí ìpàdánù máa ga sí i. Kó yára ra epo mìíràn, tàbí kó yára tà á fún ẹlòmíràn. Èyí tó bá jẹ́ pé àìṣe nǹkan kan rẹ̀ ló fà á, kò ní rí owó rẹ̀ gbà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n. “Kẹ́ẹ̀gì 50” kò tíì tó àdéhùn. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 wà, àwọn kan sì wà tí wọ́n ti fi omi gbígbóná fẹ̀ kó lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹ́ẹ̀gì ta ni a ó fi wọ̀n ọ́n, ti olùtà ni tàbí ti alájàpá? Ẹ sọ ọ́. Bí olùtà bá gbé ohun tó dín sí àdéhùn wá, ẹni tó ń rà lè kọ gbogbo rẹ̀, tàbí kó gba èyí tó wà níbẹ̀ kó sì san owó ìyẹn nìkan. Bí ó bá gbé ju àdéhùn lọ wá, olùrà lè mú ti àdéhùn, kó fi ìyókù sílẹ̀. Tó bá gba gbogbo rẹ̀, iye owó àdéhùn ni yóò san lórí gbogbo rẹ̀. Bí ẹ kò bá sọ iye owó rárá, òfin á ní kí olùrà san iye tó bọ́gbọ́n mu, adájọ́ tí kò mọ epo yàtọ̀ sí òróró ló sì lè máa wá iye tó bọ́gbọ́n mu fún yín.

Ibi tí wọ́n ti máa kó ọjà ńkọ́? Alájàpá rò pé wọ́n máa gbé e pàdé òun ní Ore, níbi tí ọkọ̀ Èkó ti ń kọjá. Olùtà rò pé Igbotako ni wọ́n ti ń wá kó o. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ ọ́, òfin á sọ pé ibi tí olùtà ti ń ṣòwò ni. Owó ọkọ̀ di ti alájàpá nìyẹn. Bákan náà, bí ẹ kò bá dá àwìn tàbí àsansílẹ̀ sọ, òfin á gbà pé ọwọ́ kan gbé ọjà, ọwọ́ kejì gbé owó.

Ẹ tẹ́tí sí èyí tó tẹ̀ lé e yìí dáadáa, nítorí òun ló ń jẹ owó àwọn ọmọ wa jù. Ẹ san owó kẹ́ẹ̀gì 50. Epo yín wà lára 200 tó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí olùtà. Èwo nínú 200 yẹn ni tiyín? Bí ẹ kò bá lè nawọ́ sí i, kò sí èyí tó jẹ́ tiyín. Owó ni ẹ san, ẹ kò tíì ní epo. Bí gbèsè bá gba ilé mọ́ olùtà lọ́wọ́, tí àwọn mìíràn tó jẹ ní owó bá dé, ẹ̀yin náà ó tò sẹ́yìn wọn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè.

Ṣùgbọ́n òfin kan náà ń gbèjà yín níbòmíràn. Ní 1917, ilé ẹjọ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dájọ́ láàárín Healy àti Howlett. Healy ń ta ẹja láti Ireland, ó sì fẹ́ fi àpótí ẹja 20 ránṣẹ́ sí àwọn Howlett ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó kó àpótí 190 jáde lápapọ̀, ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin yọ 20 sọ́tọ̀ ní Holyhead. Ọkọ̀ pẹ́ lọ́nà, ẹja ti ń bàjẹ́ kí wọ́n tó yọ 20 yẹn. Ilé ẹjọ́ ní nígbà tí ẹja ń bàjẹ́, kò tíì sí ẹni tó lè sọ pé àpótí wo ni ti Howlett, nítorí náà Healy ló ru òfò náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn ará Ìlàjẹ ní Igbokoda, ẹ rántí ìdájọ́ yìí.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ orúkọ yín sára kẹ́ẹ̀gì yín lójú olùtà, kí ó gbà pé tiyín ni, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀. Láti ìgbà yẹn lọ, epo di tiyín. Kí ẹ sì mọ̀ pé òfò rẹ̀ náà di tiyín. Bí iná bá jó ilé ìkẹ́rùsí náà lọ́la láìjẹ́ pé olùtà fi àìbìkítà fà á, ẹ̀yin ni ẹ ru ti kẹ́ẹ̀gì yín, àyàfi tí ẹ bá ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé olùtà ni yóò máa ru ewu títí ẹ ó fi kó o.

Ẹ̀gẹ́ náà ní ti rẹ̀. Lọ́dún 1876, ní ẹjọ́ Howell àti Coupland, àgbẹ̀ kan ti ṣèlérí láti ta 200 tọ́ọ̀nù ọ̀dùnkún láti inú oko kan tí àwọn méjèèjì mọ̀. Àrùn wọ oko náà, nǹkan bí 80 tọ́ọ̀nù ló rí kó. Ilé ẹjọ́ kò dá a lẹ́bi ìyókù, nítorí oko yẹn gan-an ni wọ́n jọ fẹnu sí. Ká ní ó kàn sọ pé òun máa kó 200 tọ́ọ̀nù wá láìdárúkọ oko, ì bá wá ìyókù láti ibòmíràn. Nítorí náà, ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ máa dárúkọ oko: “ẹ̀gẹ́ inú oko mi tó wà lẹ́bàá odò.” Ẹ̀yin tí ẹ ń rà, bí ọ̀pọ̀ ẹ̀gẹ́ lẹ ń wá tí ẹ kò bìkítà ibi tó ti wá, ẹ má jẹ́ kí olùtà dárúkọ oko kan ṣoṣo.

Ó kan dídára ọjà. Òfin ti fi í sínú gbogbo àdéhùn olùtajà pé ọjà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe rẹ̀ mu, kó sì dára tó ohun tí wọ́n ń rà á fún. Bí wọ́n bá fi díẹ̀ hàn yín gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, ìyókù gbọ́dọ̀ bá àpẹẹrẹ náà dọ́gba. Epo tí wọ́n fi aró pupa sí kì í ṣe epo pupa. NAFDAC ti kìlọ̀ léraléra nípa aró tí wọ́n ń pè ní Sudan IV tí àwọn kan ń dà sínú epo, ewu ni fún ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n ẹ ní iṣẹ́ tiyín láti ṣe. Òfin fún yín láyè láti yẹ ọjà wò. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ tó dé ọwọ́ yín. Ẹni tó gbé epo lọ, tó fi pamọ́ fún oṣù mẹ́ta, tó sì ti tà lára rẹ̀, òfin á ní ó ti gbà á. Kò lè dá epo padà mọ́. Owó ohun tó pàdánù nìkan ló kù tó lè bèèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta fóònù, tí ẹ lẹ ìwé mọ́ ògiri pé ọjà tí ẹ bá ti tà kò ní padà, ìwé yẹn kò lágbára tí ẹ rò pé ó ní. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà fún ẹni tó ra ọjà tó ní àbùkù láyè láti dá a padà, ó sì ní kí ẹ máa fún un ní rìsíìtì. Ẹ fún un.

Ọ̀rọ̀ fóònù àlòkù àti ọ̀kadà àlòkù ṣòro ju ìyẹn lọ. Ẹni tí kò ni nǹkan kò lè tà á kó di tiyín. Ní 1923, ní ẹjọ́ Rowland àti Divall, ọkùnrin kan ra mọ́tò, ó sì ti ń lò ó fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin kí ọlọ́pàá tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pé wọ́n jí i. Ilé ẹjọ́ ní kí ẹni tó tà á fún un dá gbogbo owó rẹ̀ padà láìyọ kọ́bọ̀ nítorí oṣù tó fi lò ó. Ẹni tó tà á kò mọ̀ pé wọ́n jí i, àìmọ̀ rẹ̀ kò sì gbà á. Ẹ bèèrè ìwé, ẹ bèèrè orúkọ àti àdírẹ́sì, kí ẹ sì sá fún ọjà tí owó rẹ̀ kéré jù.

Èmi kò ní kí ẹ má tà ní àwìn, ọjà wa kò lè rìn láìsí àwìn. Kí ẹ kàn mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Bí ọjà tí ẹ jọ rí, tó ti wà ní sẹpẹ́, bá ti di títà, ó ti di ti olùrà bí kò tilẹ̀ tíì san kọ́bọ̀, àfi bí ẹ bá sọ pé ó di ìgbà tó bá sanwó tán. Bí ó bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, tí ọjọ́ tí ẹ dá fún owó sì ti pé, ẹ lè dì í mú títí owó yóò fi dé. Tó bá ti kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ kò lè já ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti kó o padà. Owó yín ni ẹ ó pè é lẹ́jọ́ fún. Ẹni tó bá fipá kó o lè di ẹni tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́ olè.

Ẹ sì jẹ́ kí n sọ èyí láìfi bò. Ẹ yé kó ọlọ́pàá lọ bá ẹni tó jẹ yín ní gbèsè ọjà. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, ní abala 32, kò gbà kí wọ́n mú ẹnikẹ́ni kìkì nítorí àdéhùn tó yẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní orílẹ̀-èdè wa sọ ọ́ ní 2018, ní ẹjọ́ Diamond Bank àti Opara, pé àjọ EFCC kì í ṣe agbowó gbèsè. Ẹni tó fi irọ́ gba owó yín láti ìbẹ̀rẹ̀, tí kò ní epo, tí kò sì ní in lọ́kàn láti wá epo kankan, ọ̀daràn ni ìyẹn, ẹ lọ sọ fún ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ san tí ọjà bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kì í ṣe ọ̀daràn. Ẹni tó bá tì í mọ́lé nítorí ìyẹn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ra ẹjọ́ mìíràn.

Kí ni kí ẹ wá ṣe? Kí ẹ tó na owó, ẹ jọ sọ ohun wọ̀nyí tán: ọjà wo, iye rẹ̀ àti òṣùwọ̀n rẹ̀, owó rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n máa kó o, ibi tí wọ́n máa ti kó o, ta ni yóò san owó ọkọ̀, ta ni yóò ru òfò bí ó bá bàjẹ́, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá yẹ̀. Ojú ìwé kan gbà á. Kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí kan tó mọ̀ yín fọwọ́ sí i, kí kálukú mú ẹ̀dà kan. Bí ìyá wa kan tí kò mọ̀wé bá wà níbẹ̀, ẹ má ṣe kàn gba ìtẹ̀ka rẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí kò kàwé sọ pé ẹni tó kọ ìwé náà gbọ́dọ̀ kà á fún un, kó túmọ̀ rẹ̀ fún un, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sísàlẹ̀. Ìwé tí kò ní èyí kò lè ràn yín lọ́wọ́ níwájú adájọ́ láti fi mú un.

Bí ó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti ṣàdéhùn, ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp yín rẹ́. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 gba ẹ̀rí inú kọ̀ǹpútà àti fóònù, àtúnṣe 2023 sì tún la ọ̀nà rẹ̀ sí i. Bí ẹ bá ń fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì, ẹ kọ ohun tí owó náà wà fún: “àsansílẹ̀ kẹ́ẹ̀gì epo 50.” Ọdún mẹ́fà ni òfin fún yín láti pe ẹjọ́ lórí àdéhùn lásán. Lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀kùn ti tì.

Bí ìjà bá sì wá dé, ẹ kọ́kọ́ jókòó sọ ọ́. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ ìyálọ́jà tàbí olórí ẹgbẹ́ yín, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ àgbà ilé, ó sì lè dé ààfin. Bí ẹ bá parí rẹ̀ níbẹ̀, ẹ kọ ìparí náà sílẹ̀ pẹ̀lú. Bí kò bá parí, kóòtù ìbílẹ̀ àti ti Májísíréètì wà fún yín, ẹ má sì tijú láti lọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹni tí ẹ máa nílò epo rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ ni ẹ ń bá ṣẹjọ́ yẹn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, orúkọ rere ni ọjà tí Igbotako ní láti tà kí epo tó dé. Ẹni tó wá ra epo láti Èkó kò mọ ẹ̀yà yín, kò mọ ilé yín, ohun tí ẹ bá sọ ló mọ̀. Ẹ sọ àdéhùn yín tán kí owó tó kúrò lọ́wọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì dúró tì í nígbà tí ọjà bá wọ́n àti nígbà tí ó bá pọ̀. Ọjà á tà fún gbogbo yín.